Ọjọ́ Tí Omi Ń Dà Láti Orí Òkè Uhud

 

 Nígbà tí àwọn olóòtú ránṣẹ́ sí wa pé kí àwa ọmọ ilé kéwú yìí tí a wà ní Mọdínà kọ nǹkan fún ìwé ọdún yìí, a kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa ẹ̀kọ́ wa ní Yunifásítì Islam tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé ìròyìn kan ti dé ilé pé omi gbé ọ̀kan nínú wa lọ ní Òkè Uhud. Omi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí omi gbé lọ yàtọ̀, a ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí, títí kan ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tiwa.

Ẹni tí kò bá dé Mọdínà rí lè rò pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ó ń rọ̀, ṣùgbọ́n òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò tó èyí tí Ìbàdàn ń rí nínú oṣù June nìkan. Ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ìró òjò lórí páànù fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ kò lè mọ bí ó ti ń ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àtìní, ọjọ́ 6 oṣù January 2025, tí í ṣe ọjọ́ 6 oṣù Rajab 1446, ṣe ni a sáré jáde sí ìta, tí a tẹ́ ọwọ́ sí i bí ọmọdé. A tọrọ pé kí ó jẹ́ òjò tí yóò ṣe àǹfààní, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa. Omi ń ṣàn ní ìgboro bí odò, ọkọ̀ dúró sójú kan. Àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ Sáúdì ti gbé ìkìlọ̀ pupa jáde fún Mẹ́kà àti Mọdínà, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí àfonífojì. A ka ìkìlọ̀ náà lórí fóònù wa. A kò lè sọ pé a kò rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, hádíísì tí Anas gbà wá ni a ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì òkè mọ̀ ọ́n: ọkùnrin kan wọ inú mọ́sálásí Ànábì ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń ṣe kútúbà lọ́wọ́, ó ní ọ̀dá ti ń pa ẹran àwọn, kí ó bá àwọn tọrọ òjò. Kò sí ẹyọ ìkúùkù kan lójú ọ̀run. Ànábì gbé ọwọ́ sókè, òjò sì bẹ̀rẹ̀, kò dá títí di Jímọ̀ kejì, tí wọ́n tún fi wá bẹ̀ ẹ́ pé ilé ń wó. Ó wá tọrọ pé kí òjò náà lọ sí àyíká, sórí òkè àti inú àfonífojì. Ibi tí a ń lọ gan-an ni pé hádíísì náà dárúkọ àfonífojì kan tí ó ń jẹ́ Qanāt, ó ní omi ṣàn nínú rẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ̀gbẹ́ Òkè Uhud ni àfonífojì náà gbà kọjá. Ọdún méjì ni a ti ń kọjá lára rẹ̀, eruku àti òkúta nìkan ni a ń rí. Ọ̀kan nínú wa bá ní, “Tí a kò bá lọ wò ó lọ́la, ìgbà wo la tún máa rí i?” Kò sí ẹni tó jiyàn.

Bí a ti kí ìrun Àsùbáà tán ní ọjọ́ Àtàláátà, àwa mẹ́rin wọ takisí. A fi ẹni tó dàgbà jù nínú wa ṣe amíìrù, gẹ́gẹ́ bí sunna ìrìn-àjò. Òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ṣú dẹ̀dẹ̀ ní apá ìlà oòrùn. Awakọ̀ náà, ọkùnrin ará Yémẹ̀n kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, na ìka sí ibi tó ṣú náà, ó ní kí a má ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú ojú omi. A ní a ti gbọ́. Ó tún un sọ nígbà tí ó ń dá ṣéńjì wa padà.

Òkè Uhud wà ní àríwá Mọdínà, bíi kìlómítà 5 sí mọ́sálásí Ànábì. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo tó dá dúró bí Òkè Olúmọ. Ó gùn bí ògiri, bíi kìlómítà 7, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Níwájú rẹ̀ ni òkè kékeré tí Ànábì fi àwọn tafàtafà 50 sí ní ọdún kẹta Hijrah (625), tí púpọ̀ nínú wọn kúrò níbẹ̀ kí àṣẹ tó dé, tí ogun fi yí padà. Níbẹ̀ náà ni itẹ́ àwọn 70 tí wọ́n kú ní ọjọ́ náà wà, tí Hamza, àbúrò bàbá Ànábì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A dúró, a sálámà sí wọn, a ṣe àdúà fún wọn.

Amíìrù wa wá rán wa létí ohun kan tí Ìmáàmù Málíìkì gbà wá nínú Muwatta. Inú itẹ́ kan ni wọ́n sin Amr ọmọ Jamūh àti Abdullah ọmọ Amr, bàbá Jābir, sí. Ìṣàn omi òjò ń jẹ ẹ̀gbẹ́ itẹ́ náà títí, wọ́n fi ní láti hú wọn kúrò lọ sí ibòmíràn. Ọdún 46 ti kọjá lórí ogun Uhud nígbà náà, wọ́n sì bá wọn bí ẹni tó kú lánàá, ti ọ̀kan fi ọwọ́ lé ojú ọgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọlá àwọn ẹni-ọ̀wọ̀ náà ni a máa ń rántí nínú ìtàn yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, omi ni ó yẹ kí a rántí. Omi tí kò yà fún itẹ́ àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, àwa wo?

A wọ inú pàlàpálá òkè náà láti apá gúúsù. Òkúta ń yọ̀, a bọ́ bàtà wa, a sì ń fi ọwọ́ di àpáta mú. A pàdé àwọn kan tí wọ́n ń ha òkúta sínú ọ̀rá láti gbé lọ sílé fún ìbùkún. Amíìrù wa fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀ pé Ànábì fẹ́ràn òkè yìí, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa pé kí a máa gbé e lọ nínú ọ̀rá. Ẹnì kan da tirẹ̀ nù. Àwọn ìyókù wò wá tìkà-tẹ̀gbin.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, a gbọ́ ọ kí a tó rí i. Omi ń dà láti orí àpáta tó ga ju ilé alájà méjì lọ, funfun, tín-ín-rín, bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí ń bọ́ láti etí páànù. Àwa tí a ti dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí a ti rí omi Olúmirìn tó ń dà ní ìpele méje, ì bá má ka èyí sí. Ṣùgbọ́n ti Ẹ̀rìn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, àárín igbó ló wà. Èyí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kò sì ní sí níbẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ náà bá fi parí. Kò sí ewé kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi àti òkúta ni.

Ní ìdí rẹ̀, omi ti kún àwọn kòtò inú àpáta. Mihrās ni Lárúbáwá ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni odó. Nígbà tí wọ́n ṣe Ànábì léṣe lójú ní ọjọ́ Uhud, omi mihrās ni Ali fi asà rẹ̀ bù wá. Àwọn onítàn sọ pé Ànábì gbọ́ òórùn nínú omi náà, kò mu ún, wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ni. Láti kékeré ni a ti ń ka ìtàn yìí, a kò sì bi ara wa rí pé níbo ni omi ti wá lórí òkè gbígbẹ. Òjò tí ó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àpáta fi pamọ́. A bu díẹ̀ tọ́ wò. Ó ń ta eruku lẹ́nu. A ṣe àlùwàlá níbẹ̀, a kí ìrun ìyálẹ̀ta, kò sí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀bi wa nìyí. Àbúrò wa, tó kéré jù nínú wa mẹ́rin, gbé àpò rẹ̀ lé òkúta pẹlẹbẹ kan ní àárín ojú omi, nítorí pé ibẹ̀ gbẹ, tí ó sì mọ́. A rí i, a kò sọ nǹkan kan. Nínú àpò náà ni Àlùkùránì tí bàbá rẹ̀ fún un ní ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀ ní ilé kéwú wa yìí wà. Bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i lẹ́yìn páálí. Ọdún tí ọmọ dé Mọdínà ni bàbá kú, kò sì lè wálé sin ín. Inú Àlùkùránì yẹn ló ti ń tún háddà rẹ̀ kà, kì í jẹ́ kí ó jìnnà sí òun.

Ìró kan dún lókè, bí ìgbà tí típà bá ń da òkúta. Òjò kò rọ̀ lórí wa, oòrùn wà lójú ọ̀run. Amíìrù wa ké pé kí gbogbo wa gun ẹ̀gbẹ́. Kò tó àkókò tí ènìyàn yóò fi ka Fátíà lẹ́ẹ̀méjì, omi tó funfun náà ti di pupa, ó nípọn, ó ń yí òkúta. Àbúrò wa yíjú padà sí àpò rẹ̀. Omi ti yí òkúta pẹlẹbẹ náà ká nígbà náà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìṣísẹ̀ márùn-ún péré ni. Ó sáré. Ọ̀kan nínú wa gbá a mú ní ẹ̀wù lẹ́yìn, amíìrù wa di apá rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀! Àlùkùránì bàbá mi ni!”

“Mo mọ̀. N kò ní fi ọ́ sílẹ̀.”

Ó jà. Ó gé amíìrù wa jẹ lọ́wọ́, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àpò náà dìde lójú omi, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá omi lọ.

A ti rò ó láti ìgbà náà. Nílé, ilẹ̀ ń mu omi, gbòǹgbò ń mu omi, ewé kòkó ń gba apá kan. Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá ti kan òkúta Uhud ló ti ń rìn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè sì ń da tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà tóóró kan. Òjò tó rọ̀ sí ẹ̀yìn òkè, tí a kò rí, lè pa ẹni tó wà nínú oòrùn. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú pàlàpálá yẹn kò sí onílé tí yóò bá a jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ rí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 mọ ohun tí à ń wí. Ní Jẹ́dà, ní ọjọ́ 25 oṣù November 2009, nígbà tí àwọn alálàájì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Hájì, òjò wákàtí díẹ̀ pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ìlú tó wà létí aṣálẹ̀ ni.

A padà wá wá àpò náà ní ọjọ́ Àlàmísì nígbà tí ìkìlọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Omi ti gbẹ. A tọ ojú ọ̀nà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a rí sálúbàtà kan tí kì í ṣe tiwa.

Àbúrò wa kò bá wa sọ̀rọ̀. Ó mọ hádíísì tó ní kí Mùsùlùmí má bá arákùnrin rẹ̀ yan odì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó sì lo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ó gbé tíì wá sí yàrá amíìrù wa, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí a fi aṣọ dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò mọ bí òun yóò ti sọ fún ìyá òun. Níwájú wa ló ti pè é. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá bi í pé:

“Ẹ̀yin mélòó lẹ lọ?”

“Mẹ́rin ni, màámi.”

“Mélòó ló padà dé?”

“Mẹ́rin.”

“Kí ni o wá ń sunkún sí?”

Nígbà Hájì ọdún 2025 kan náà, ó fi Àlùkùránì mìíràn rán alálàájì kan sí i. Ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd, tí wọ́n ṣí ní Mọdínà ní 1984, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìwé tó jáde láti ìlú tí a wà ló lọ sílé tó tún padà wá bá wa, a sì fi ṣe ẹ̀rín. Ìyá náà kò mọ̀wé kọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ilé kéwú yìí ló ní kí ó kọ orúkọ bàbá wọn sí ẹ̀yìn páálí. Ọmọ náà fi Lárúbáwá kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì fo lẹ́tà kan. Àbúrò wa kò tíì tún un ṣe.