Ekòló Rọ́bà

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ apẹja. Ní ìlú wa, kò sẹ́ni tí í kọ́ ọmọ apẹja ní ìwọ̀ jíjù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi pa mí nígbà tí bàbá tó ń wa bọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston na ekòló rọ́bà kan sí mi. Ó gùn ní ínǹṣì 7, àwọ̀ àlùkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni, ìrù rẹ̀ ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ti po iyọ̀ mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe bàbá mi nílé, mo sì ròyìn rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹja wo ló ń jẹ rọ́bà? Ṣé ebi ló ń pa ẹja ọ̀hún ni, àbí wọn ò gbọ́n?”

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí kì í ṣe tuntun níbí. Láti ọdún 1949 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Creme ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílùú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ìlú Tyler ní ìhà ìlà-oòrùn Texas, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn apẹja ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so ó tí kò fi ní há sínú koríko. Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà. Mo kàn ń bá bàbá onímọ́tò yẹn lọ nítorí pé ó jẹ́ èèyàn dáadáa. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, apá Jasper ni wọ́n bí i sí. “Sà” ni mo máa ń pè é. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ẹnikẹ́ni ò pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Aago mẹ́ta òru la gbéra lọ sí Sam Rayburn, adágún ńlá tí wọ́n fi ìsédò dá sílẹ̀ lórí odò Angelina ní ọdún 1965. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí òṣíbàtà lójú omi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nílé, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ omi ni mi ò mọ̀. Koríko tí wọ́n ń pè ní hydrilla ni, ó ga láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, ó ki bí irun orí tí wọn ò yà rí. Mo so ìwọ̀ mi bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, ẹnu rẹ̀ síta. Mo jù ú, mo fà á, koríko ni mo fà wá. Mo tún jù ú, koríko. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí mo ń yọ koríko lẹ́nu ìwọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀fọ́.

Ọ̀tá ni koríko omi jẹ́ fún wa nílé. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ewéko eléwé gbòòrò kan ti òkè òkun dé ojú ọ̀sà wa, tó ń so òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Ó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, ó ń ya àwọ̀n. Mo rí bàbá mi tí wọ́n jókòó sétí omi látàárọ̀ dalẹ́, tí wọn ò lè wa ọkọ̀ jáde. Nítorí náà, mo sọ fún bàbá onímọ́tò pé, “Sà, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí omi ti mọ́.” Ó ní ká máa lọ o, ṣùgbọ́n ẹja ò ní bá wa lọ. Ẹja báàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà kì í lé oúnjẹ kiri ojú omi. Abẹ́ koríko ló máa ń sá pamọ́ sí, níbi tí òjìji wà, kí ẹja kéékèèké máa bọ̀ wá bá a. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù koríko, afẹ́fẹ́ ló máa gbá wálé.

Ó wá gba ìwọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ki okùn bọ inú òjé kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ọta ìbọn, lẹ́yìn náà ló so ìwọ̀. Ó gún orí ekòló náà díẹ̀, ó yọ ẹnu ìwọ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á títí ojú ìwọ̀ fi wọlé sórí, ó yí i padà. Ó wọn ara ekòló mọ́ ìwọ̀ kó lè nà tààrà, ó sì tún gún ẹnu ìwọ̀ padà sínú ara rẹ̀, tí ẹnu náà fi sá pamọ́ sínú rọ́bà pátápátá. Tó bá wọ́, yóò máa yí bí òkòtó, yóò lọ́ okùn. Níbi tí koríko bá ti ki jù, òjé tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń lò, ó sì ń fi igi tí wọ́n fi ń ta eyín há òjé náà mọ́ ojú kan, kí òjé àti ekòló lè jọ lu ihò sínú koríko lọ́wọ́ kan náà. Ó jù ú sí àárín ibi tí ojú mi ò fẹ́ rí. Ó wọlé, ó sì jáde láìmú ewé kan.

Ṣùgbọ́n síso kọ́ ni iṣẹ́. Ìmọ̀lára ni iṣẹ́. Bí ekòló náà bá ń rì, ẹ ó jẹ́ kó rì fúnra rẹ̀, torí ìgbà tó ń rì ni ẹja sábà máa ń gbà á. Tó bá balẹ̀, ẹ ó gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ ó tún rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Okùn yóò wà lórí ìka ìfábẹ̀lá yín. Bí koríko bá fà á, ńṣe ni yóò máa wúwo díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tó ń rọ omi. Bí igi bá ni, yóò dúró gbagidi. Bí ẹja bá ni, ẹ ó gbọ́ “tọ́,” ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Ẹ ó wá rẹ ọ̀pá sílẹ̀, ẹ ó ká okùn tó dẹ̀ kíákíá, ẹ ó sì fà á yọ tagbáratagbára, kí ẹnu ìwọ̀ lè já rọ́bà wọ àgbọ̀n ẹja.

Níbi “tọ́” yìí ni mo ti borí ọ̀gá mi. Bàbá mi nílé, orí ìka ni wọ́n máa ń fi okùn sí, wọ́n sì lè sọ fún yín, kí wọ́n tó fà á, bóyá àrọ̀ ni tàbí akàn tó ń jí ìjẹ. Ìka yẹn ni mo jogún. Láàárín oṣù mẹ́ta, bàbá onímọ́tò ti ń rojọ́ mi kiri ibi iṣẹ́ pé ajẹ́ ni mí. Nígbà tó kú, mo ra ọkọ̀ kékeré alóògùn, mo sì ń mú ọmọ mi ọkùnrin dání. (Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì gbà tán ni dídá ẹja padà sómi. Òfin ní èyí tí kò bá tó ínǹṣì 14 kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èèyàn wálé, kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà, wọ́n á tún fẹnu kò ó lẹ́nu. Èmi ń mú méjì lọ sínú ọbẹ̀.)

Ìgbà ìrúwé ọdún tó kọjá ni ẹja dẹ́kun jíjẹ. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ní omi ti tutù jù, mo ní wọ́n ti fi oògùn pa koríko. Mo pààrọ̀ àwọ̀ ekòló láti dúdú sí ewéko, láti ewéko sí àlùkò. Ọmọ mi ń pa tirẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wo omi, ó ní, “Dádì, ẹja ti gbé e lọ o.” Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo okùn yín.” Okùn mi ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gé ojú omi jẹ́jẹ́ lọ sábẹ́ òṣíbàtà. Kí n tó ṣe nǹkan kan, ó ti tu ú. Ó ní, “Ìkẹta nìyí láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń fi wọ́n sílẹ̀ ni.”

Mo bínú sí i. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń pọn omi ìwẹ̀ fún màmá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìlànà ni pé ká fi tẹmómítà wò ó. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ọwọ́ ni mo ti ń fi wò ó láti ọdún pípẹ́, ọwọ́ mi ò sì já mi kulẹ̀ rí. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti gbé màmá sórí àga tí wọ́n fi ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú omi kí n tó rántí okùn tó ń rìn. Mo dúró. Mo ki ìgúnpá bọ omi náà, mo sì fà á yọ pẹ̀lú ariwo. Màmá bi mí pé kí ló dé. Mo wá tẹmómítà: 118 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Awọ ara àgbàlagbà fúyẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ níbẹ̀.

Mo lè dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rí mi, màmá náà ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wákàtí àṣekún tí mo ń ṣe lórí wíwẹ àwọn arúgbó ni mo fi ń san owó ilé ìwé ọmọbìnrin mi. Mo wẹ màmá tán pẹ̀lú omi tí mo fi tẹmómítà wọ̀n, mo lọ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì, mo sọ fún un pé ìka mi ti kú. Wọ́n yọ mí kúrò nídìí ìwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣọ́nkẹ́ ni owó mi ṣe lọ sílẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà ní ó ti pẹ́ lára mi, pé ó ti ń jẹ àwọn iṣan ìmọ̀lára, àti pé ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Òótọ́ ni, bàtà ni mo ti ń bá wí. Ìyàwó mi ò bínú nítorí owó tàbí nítorí àìsàn. Ó bínú pé olórí nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ ṣáájú òun. Ó ní, “Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ yín pé kí ẹ lọ yẹ ara yín wò, Dádì. Ọdún méjì.” Mi ò rí èsì fọ̀.

Bàbá mi ni mi ò tíì sọ fún. Bí wọ́n bá bi mí bóyá ẹja ń jẹ rọ́bà, mo máa ń ní ó ń jẹ ẹ́.

Ọmọ mi ló lọ ra okùn aláwọ̀ òféèfèé, èyí tó ń tàn bí ìyeyè lójú omi, ó sì so okùn kan tí kò ní àwọ̀ mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ kí ẹja má bàa rí i. Òun náà ló ń ta kókó ìwọ̀ fún mi báyìí, torí okùn tín-ín-rín ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. A padà sí Sam Rayburn ní oṣù Kẹsàn-án. Mo jù ú sínú ihò kan láàárín koríko, mi ò fi ìka kan okùn rárá, ojú ni mo fi tẹ̀ lé e. Ó rì, ó rì, ó dúró. Ọmọ mi jókòó lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé òun náà ń wò ó, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, okùn òféèfèé náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá òsì. Mo rẹ ọ̀pá sílẹ̀, mo ká okùn, mo fà á.

Ínǹṣì 13 ni. Ọmọ mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí tèmi. A dá a padà sómi.