Ẹ Sọ Ibi Tó Bàjẹ́ fún Wa

Nígbà tí NITEL ṣì wà, iléeṣẹ́ tẹlifóònù tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1985, ẹni tí fóònù ilé rẹ̀ bá kú ní láti dìde lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ó lè jókòó títí di ọ̀sán. Wọ́n lè ní kó padà wá lọ́la. Síbẹ̀, ojú ló ń wo ojú: ó mọ ẹni tó dá a lóhùn, ó sì mọ ẹni tí yóò padà lọ bá. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, ẹsẹ̀ wa ti dín kù ní ọ̀nà ọ́fíìsì. Ohùn la wá ń bá ṣẹjọ́.

Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú tó lè fi ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ṣeré mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó háyà yàrá nígboro, oní-POS tó jókòó sí Mayfair, ìyá tó fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, gbogbo wọn ló ń sanwó kí wọ́n tó lò ó.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì tèmi kú, mo pe iléeṣẹ́ tó ń tà á fún wa. Ẹ̀rọ kọrin títí. Nígbà tí èèyàn wá gbé e, ọmọbìnrin náà kí mi dáadáa, ó bẹ̀ mí, ó ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn. Mo ṣe é. Ó tún bẹ̀ mí. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, ibo gan-an ló ti bàjẹ́?” Kò mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí wáyà ti já wà lójú títì, kò sì sẹ́ni tó kó ìròyìn rẹ̀ dé iwájú ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí kò ní àlàyé nínú kì í fi ọkàn ẹni tó sanwó balẹ̀.

Wáyà fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀lú, abẹ́ ilẹ̀ létí títì ló sábà máa ń gbà. Àwọn tó ń la ọ̀nà tàbí tó ń gbẹ́ gọ́tà a máa fi katapílà já a. Nígbà mìíràn, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀ràn ti wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì mélòó kan pàápàá sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ará Ìrémọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí fẹ́ fi ráútà ṣe? Ẹ sọ fún un pé abẹ́ òkun ni, yóò wá nǹkan mìíràn ṣe.

Àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti gbìyànjú. Láti oṣù Karùn-ún 2023, 300 ni gbogbo iléeṣẹ́ fóònù alágbèéká ń lò fún ìpè oníbàárà. Àjọ náà sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, 622, ọ̀fẹ́ ni, fún ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò bá yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ẹ fi ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì mọ Sábó yàtọ̀ sí Mọ̀rè nínú Ilé-Ifẹ̀, sídìí fóònù, kí ẹ máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ pe 622.