"Wà" àti "Kò Sí": Bí A Ṣe Ń Sọ Ìní ní Èdè Hébérù

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Hébérù kì í pẹ́ béèrè ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó dúró fún "ní". Èsì tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kò sí i. Ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni wọ́n fi ń kọ́ èdè náà, wọ́n sì ti gbà pé Yorùbá kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Èrò yìí máa ń dùn mí, nítorí pé èdè wa gan-an ni àtùpà níhìn-ín.

Ẹ gbé "mo ní owó" tì ná. A tún máa ń wí pé "owó wà lọ́wọ́ mi". Ọ̀nà tí Hébérù ń gbà nìyẹn: *yesh li kesef*. *Yesh* ni "wà", *li* ni "fún mi", *kesef* ni owó. *Li* ni ó ń yí padà: *lekha* fún ọkùnrin tí a ń bá sọ̀rọ̀, *lakh* fún obìnrin.

A kì í wí pé "owó kò wà lọ́wọ́ mi". "Kò sí" ni à ń lò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Hébérù ń pa *yesh* tì, tí ó sì ń mú *ein*: *ein li kesef*.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi lè jẹ́ owó olówó. *Yesh li* kò mọ síbẹ̀: *yesh li akh* ni "mo ní arákùnrin", bẹ́ẹ̀ a kì í wí pé arákùnrin wà lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá, ohun tí a ní ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀lé, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín. *Kesef* jẹ́ akọ: *haya li kesef*. *Mekhonit*, ìyẹn ọkọ̀, jẹ́ abo: *hayta li mekhonit*.

"Ìwé mi" ńkọ́? *Ha-sefer sheli*. Ohun-ìní ṣáájú, olóhun tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí tiwa. *Shel* ni "ti", *sheli* ni "tèmi". A sì lè to ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tẹ̀léra láìlo *shel* rárá. *Bayit* ni ilé, *sefer* ni ìwé. Bí wọ́n bá pàdé, *bayit* a di *beit*: *beit sefer*. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ilé-ìwé!

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Yorùbá bá yín wọ kíláàsì. Ẹ gbìyànjú èyí wò: báwo ni a ó ṣe sọ pé "kò sí ìwé lọ́wọ́ mi" ní Hébérù?