Ọjọ́ Tí Wọ́n Há Wa Mọ́lé Ní Snowbird

Láti Houston dé Salt Lake City, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ tó tó ròyìn. A bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú, a háyà mọ́tò tí táyà rẹ̀ lè rìn nínú yìnyín, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tán tí a fi gun àfonífojì Little Cottonwood dé Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ jáde yunifásítì ni. Snowboard ló gbé wa lọ, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí èèyàn máa ń so ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́, tí á fi yọ̀ wálẹ̀ látorí òkè.

Òkè yẹn kì í ṣe òkè ọmọdé. Ọdún 1971 ni wọ́n ṣí Snowbird, láti ìgbà náà sì ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbé èèyàn lọ sí Hidden Peak, ṣóńṣó tó ga tó 11,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ tí ẹ wolẹ̀, àwọn ibi kan dúró ṣánṣán débi pé ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n parí sí. Alta, ibi ìyọ̀ yìnyín mìíràn, ló múlé tì í, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí oní-snowboard fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Àwọn tó ń fi igi méjì yọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn oní-snowboard kan pe Alta lẹ́jọ́ ní 2014, àmọ́ àwọn tó pẹjọ́ kò jàre. Lójú tèmi, kò dáa. Ilẹ̀ ìjọba ló pọ̀ jù nínú òkè náà, yìnyín kan náà ló sì ń bọ́ sí ìhà méjèèjì.

Alẹ́ ọjọ́ tí a dé ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Ní ìdájí, tẹlifóònù yàrá wa dún. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde, kódà kó má dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Interlodge ni wọ́n ń pe àṣẹ yìí. Òfin ni, ìyà sì wà fún ẹni tó bá rú u. Ní 1885, nígbà tí Alta ṣì jẹ́ ìlú àwọn awakùsà fàdákà, yìnyín ya látorí òkè lu ilé wọn, ó sì pa èèyàn. Nítorí náà, bí yìnyín tuntun bá ti wúwo jù lókè, wọ́n á ti ọ̀nà, wọ́n á fi gbogbo èèyàn sínú ilé, wọ́n á wá fi ohun abúgbàù já a lulẹ̀ kó tó já fúnra rẹ̀. Ìbọn àgbá àwọn ológun ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lóṣù Èrèlé 2021, ó lé ní ọjọ́ méjì tí wọ́n fi há àwọn èèyàn mọ́lé ní Alta.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngán òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ká kúrò nídìí fèrèsé. Kò pẹ́, òkè dún gbì! Gíláàsì gbọ̀n, tíì inú ife mi mì.

Ọmọbìnrin kan tí kò dà bíi pé ó ju ọmọ ogún ọdún lọ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan gbé àpò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tí aago ọwọ́ rẹ̀ nìkan á ra mọ́tò. Ó ní ọkọ̀ òfúrufú òun ń lọ lọ́sàn-án. Ó ní òun mọ àwọn tó ni ibẹ̀. Ọmọ náà fetí sílẹ̀ dé òpin, ó wá ní, “Ẹ má bínú, sà. Bí ẹ bá jáde tí nǹkan ṣe yín, àwọn kan á ní láti jáde wá yín. Àwọn náà ní ìyá nílé.” Kò pariwo, kò sì yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà padà sẹ́yìn, ó jókòó.

Ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó pe ẹlòmíì kó bá òun dúró, ó bu kọfí, ó gbé e lọ bá bàbá náà, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì bá a pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú títí wọ́n fi yí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi fún un ní ṣinṣín tó gbé wá láti ilé, ló tó sọ pé láti ìrọ̀lẹ́ àná lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹni tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ kò lè gòkè wá.

Ọkàn mi lọ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Mo ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí táńkà epo dojú dé. Wọ́n ní ká dúró, àmọ́ ẹni tó ní sáírìn kọjá, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kọjá, àwa yòókù náà bá ya bo ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa. Wọ́n máa ń sọ pé olórí kunkun ni wá. N kò gbà. Ẹ fún wa ní òfin tó mú olówó bó ṣe mú tálákà, kí ẹni tó ń mú un ṣẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa láìgbé kòbókò, ẹ ó rí i pé a ó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ ìjọba lójú títì, mo bẹ̀ yín, ẹ dán an wò.

Wọ́n ṣí wa sílẹ̀ lọ́sàn-án. Yìnyín tó wa lórúnkún, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. A gba Chip's Run, ọ̀nà tó rọrùn jù látorí ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbóná kí n tó dé ìsàlẹ̀.

Bí ẹ̀yin náà bá ń lọ, ẹ fi ọjọ́ kan kún iye tí ẹ fẹ́ lò níbẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ díẹ̀ dání, kí ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà.