Àkójọ Orin Ẹ̀jìrẹ́

Igbó-Ọrà, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan. Táyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Chicago dé. Kẹ́hìndé ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé ìlú mìíràn rí.

KẸ́HÌNDÉ: Mo ti gbọ́ gbogbo orin tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí o tó dé. Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti gbọ́ wọn, láti òkè délẹ̀. Àwọn Lijadu Sisters nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀. Kí ló pa àwọn yòókù pọ̀ mọ́ wọn?

TÁYÉ: Ìbejì ni gbogbo wọn.

KẸ́HÌNDÉ: Gbogbo wọn?

TÁYÉ: Kò sí ọ̀kan tí kì í ṣe ìbejì. Taiwo àti Kehinde Lijadu, o mọ̀ wọ́n: Jos ni wọ́n bí wọn sí, Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Àwọn méjì tó ń jẹ́ Ibeyi, Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz, Paris ni wọ́n bí wọn sí, ọmọ Cuba ni bàbá wọn. Kim àti Kelley Deal ti ẹgbẹ́ Breeders, Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti wá. Aaron àti Bryce Dessner, tí wọ́n ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ The National, ọmọ Cincinnati, Ohio kan náà ni. Tegan àti Sara, láti Calgary ní Kánádà. Olórin tó dá dúró ni mò ń wá kiri. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló gbé ọ̀pọ̀ wọn sókè, kì í ṣe Universal, Sony tàbí Warner.

KẸ́HÌNDÉ: Lisa-Kaindé. Orúkọ mi rèé!

TÁYÉ: Orúkọ rẹ ni. Igbó-Ọrà tí wọ́n bí mi sí ló jẹ́ kí àkójọ yìí wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Chicago, orin òjò ni wọ́n ń kó jọ, orin alẹ́, orin inú ọkọ̀ ojú irin. Èmi ti ìlú tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ láyé wá, kí ni ìbá tún jẹ́ tèmi?

KẸ́HÌNDÉ: Orin òjò yé mi. Òjò ni wọ́n ń kọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbejì kì í ṣe ohun tí orin wọ̀nyí ń sọ, bí wọ́n ṣe bí ẹni tó kọ ọ́ ni. Bí mo bá kó orin gbogbo olórin tó kọ pélé jọ, ṣé ohùn wọn á bára mu? Lójú tèmi, èèyàn lo kó jọ, o ò kó orin jọ.

TÁYÉ: Ohun tó mú mi yọ ìdajì wọn kúrò nìyẹn. Mo gbé òfin kan kalẹ̀: bí mi ò bá gbọ́ ẹni méjì nínú orin kan, kò wọlé, ìbáà jẹ́ ìbejì ló kọ ọ́. Fetí sí àwọn Lijadu nínú Danger, àwo wọn ti ọdún 1976. Wọ́n á jọ wọ inú ohùn kan ṣoṣo, wọ́n á jọ mí, wọ́n á jọ gé ọ̀rọ̀ náà níbì kan náà. O ò ní mọ̀ pé méjì ni wọ́n, àfi ìgbà tí ọ̀kan bá gbé ohùn tirẹ̀ sókè díẹ̀. Ti Ibeyi yàtọ̀ sí ìyẹn. Lisa-Kaindé ló ń tẹ dùùrù, Naomi ń lu bàtá àti cajón, ìlù onípákó tí wọ́n ń jókòó lé. Angá Díaz, bàbá wọn, ògbóǹtagí onílù ni ní Cuba. Ọdún 2006 ló kú, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 11. Ọmọ kan gba ìlù, ọmọ kejì gba dùùrù, wọ́n sì ń fi orin bára wọn sọ̀rọ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Mo gbọ́ tí wọ́n pe Ọ̀ṣun lápá ìparí orin tó ń jẹ́ River. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo tún un gbọ́. Ta ló kọ́ wọn?

TÁYÉ: Yorùbá tí àwọn èèyàn wa gbé dé Cuba ni, Lucumí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni orin òrìṣà wọn ti wá. XL, ilé-iṣẹ́ tó dá dúró ní London, ló gbé àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀ jáde ní 2015.

KẸ́HÌNDÉ: Ó wọlé, mi ò jiyàn. Àwọn Dessner ńkọ́? Wọn ò tilẹ̀ kọrin. Ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́.

TÁYÉ: Ọwọ́ wọn ni kí o gbọ́. Nínú Fake Empire, tó wà nínú àwo Boxer ti 2007, dùùrù ń ka mẹ́rin lé mẹ́ta lórí. Ọwọ́ kan ń lọ, ọwọ́ kejì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, wọn ò sì já ara wọn sílẹ̀. Bryce ló mú un wá.

KẸ́HÌNDÉ: Òun ló da ẹsẹ̀ mi rú lórí pẹ́dà nìyẹn! Mo gbìyànjú láti máa fẹsẹ̀ bá a lọ, kò gbà fún mi. Bí o bá gbé e fún onílù bàtá kan níbí, kò ní bi ọ́ léèrè kankan, á kàn gbé ìlù rẹ̀.

TÁYÉ: Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.

KẸ́HÌNDÉ: Ṣùgbọ́n ti Kánádà yẹn, mi ò gbọ́ ẹni méjì níbẹ̀. Ẹnì kan tí wọ́n sọ ohùn rẹ̀ di méjì ni mo gbọ́.

TÁYÉ: Walking with a Ghost lò ń sọ. Inú So Jealous ló wà, 2004. Tegan ń kọ tirẹ̀, Sara ń kọ tirẹ̀, wọ́n á wá jọ gbé e pọ̀. Mo rò pé ó yẹ níbẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ ni mo fi ń dájọ́ o. Jẹ́ ká fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, fóònù yìí ń yan orin fún mi láìbéèrè. Kí ni mo fẹ́ fi wàhálà yìí ṣe?

TÁYÉ: Ohun tó jọ èyí tí o ti gbọ́ lánàá ló ń yàn fún ọ. Spotify bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 2015, orin tuntun ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ohun tí àwọn tí etí wọn jọ tìrẹ ń gbọ́ ni wọ́n sì fi ń yàn án. Mi ò bú u, mo ti rí orin gidi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ Lijadu kì í sábà gbọ́ Breeders. Ẹ̀rọ náà ò ní gbé Kehinde Lijadu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kelley Deal láé. Ẹni tó mọ ohun tí ìbejì jẹ́ ló lè ṣe é.

KẸ́HÌNDÉ: Ìyẹn dá mi lójú. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, Taiwo àti Kehinde Lijadu nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn, wọn ò pa àwọn òyìnbó tó tẹ̀lé wọn. Etí wọn ti ṣí.

TÁYÉ: Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Èmi fúnra mi, láti ìgbà tí mo ti kó wọn jọ, n kì í lè mú sùúrù dé ìgbà tí wọ́n máa gbé orin tuntun jáde. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ara mi ti ń wà lọ́nà. Ọjọ́ Ẹtì ni orin tuntun ń jáde káríayé, láti ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2015. Kó tó dìgbà náà, ọjọ́ Ajé ni ní London, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ní Amẹ́ríkà.

KẸ́HÌNDÉ: Aago mélòó ló ń jáde?

TÁYÉ: Aago méjìlá òru, tibi tí olúkúlùkù bá wà ni lọ́pọ̀ ìgbà.

KẸ́HÌNDÉ: Bí aago méjìlá òru bá lù ní Igbó-Ọrà, aago mélòó ni lọ́dọ̀ yín?

TÁYÉ: Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà ooru, aago márùn-ún nígbà òtútù.

KẸ́HÌNDÉ: A jẹ́ pé èmi tí mo jókòó sílé ni mò ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

TÁYÉ: Ìwọ ni. Bí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, wàá ti gbọ́ ọ, wàá ti sùn. O ò bá máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí mi bóyá ó dára.

KẸ́HÌNDÉ: Mo máa ṣe é, bí dátà bá wà. Ṣùgbọ́n kí lẹ tún ń retí? Kí àwo tó dé, ṣebí wọ́n á ti fi orin kan tàbí méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀?

TÁYÉ: Ohun tó ń dá ìrètí náà sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn Breeders gbé àwo kan jáde ní 2008, lẹ́yìn náà odindi àwo mìíràn ò dé fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2017, orin kan ṣoṣo já bọ́, Wait in the Car, àwọn mẹ́rin tó ṣe Last Splash ní 1993 ló sì tún kóra jọ ṣe é. Ó kúrú. Ó wọlé, ó jáde. Oṣù Kẹta 2018 ni All Nerve, àwo náà gan-an, tó dé. Láàárín méjèèjì, orin kékeré yẹn ni mo ń gbọ́, mo ń fi gbèrò ohun tó ń bọ̀. Ibeyi náà ṣe bẹ́ẹ̀: orin díẹ̀ tí wọ́n pè ní Oya ní 2014, odindi àwo ní 2015.

KẸ́HÌNDÉ: Táyé ni wọ́n kọ́kọ́ rán jáde nìyẹn, kó lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn, ó ń dúró de ìròyìn.

TÁYÉ: Háà! Gbogbo ọdún tí mo ti ń retí orin, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

KẸ́HÌNDÉ: Tún rò ó síwájú. Ta ni àgbà? Kẹ́hìndé tó dé kẹ́yìn ni àgbà, òun ló rán àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ìránṣẹ́ ni orin àkọ́kọ́ yẹn, àwo ló rán an wá. Kí ló dé tí o fi wá ń kó ìránṣẹ́ nìkan sínú àkójọ rẹ? Èyí tó ń jẹ́ Cannonball, ṣé òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú Last Splash?

TÁYÉ: Òun ni. Òun ni gbogbo ayé mọ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Yọ ọ́. Wọ inú àwo náà lọ, kí o mú èyí tí àwọn méjèèjì jọ kọ.

TÁYÉ: Do You Love Me Now? nìyẹn. Kim àti Kelley ló jọ kọ ọ́. Ó falẹ̀, ohùn wọn wọnú ara wọn débi pé... O jàre. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Ìrètí tí ẹ ń retí yìí, ṣé ó ń bọ́ olórin?

TÁYÉ: Ó ń bọ́ ọ ju gbígbọ́ lásán lọ. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 ní Spotify, kò ní mówó wọlé rárá. Bí o bá jẹ́ olórin kékeré, tí èèyàn 300 fẹ́ràn rẹ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọ́ orin kan tó iye yẹn, òfo ni ní Spotify. Ṣùgbọ́n bí àwọn 300 yẹn bá ti sanwó àwo sílẹ̀ kó tó jáde, ó ti rí owó tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Bandcamp, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ń jẹ́ kí èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n sábà ń mú lórí orin tí èèyàn bá rà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo gbọ̀ngàn orin mọ́, wọ́n ya ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ní mú kọ́bọ̀. Wọ́n ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Irú ọjọ́ Ẹtì bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi rajà mi.

KẸ́HÌNDÉ: Ká ní àwọn Lijadu rí irú èyí nígbà tiwọn.

TÁYÉ: Àwo mẹ́rin ni wọ́n gbé jáde láàárín 1976 sí 1979, lọ́dọọdún. Horizon Unlimited ló kẹ́yìn. Ní 2024, Numero Group, ilé-iṣẹ́ kan ní Chicago tó ń wú àwo àtijọ́ jáde, tún un tẹ̀. Mo ti sanwó sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kéde. Kẹ́hìndé, àwo tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni mo ń retí, ọkàn mi sì ń lù kìkì bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

KẸ́HÌNDÉ: Àwọn méjèèjì rí i?

TÁYÉ: Rárá. Kehinde kú ní New York ní oṣù Kọkànlá 2019. Taiwo nìkan ló rí i.

KẸ́HÌNDÉ: Kí Ọlọ́run bá wa dáàbò bo èyí tó kù.

TÁYÉ: Àmín. Ó sì mú ọ̀ràn kan wá tí mo fẹ́ kí o bá mi dá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 kan náà tí wọ́n tún àwo Lijadu tẹ̀, Kim Deal gbé àwo tirẹ̀ nìkan jáde, Nobody Loves You More. Òun pẹ̀lú Steve Albini, tó máa ń gba orin sílẹ̀, ló ṣe apá kan nínú rẹ̀ ní Chicago, kí Albini tó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Òfin mi ní kí n má mú un.

KẸ́HÌNDÉ: Òfin rẹ kù díẹ̀ káàtó. Nínú àṣà ilẹ̀ yìí látijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á bọ́ ọ pẹ̀lú èyí tó wà láàyè. Ẹnì kan kì í fìgbà kan dá jẹ́ ẹnì kan. Ti Kim yìí, èkejì rẹ̀ sì wà láàyè! Mú un.

TÁYÉ: Are You Mine? ni mo fẹ́ mú. Ìyá wọn, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbàgbé nǹkan, ló ń kọrin nípa rẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Ìyá àwọn méjèèjì. Kí lo tún ń béèrè? Fi í tẹ̀lé Do You Love Me Now?, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ méjì kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀kan. Àwọn Lijadu ni kó ṣí i.

TÁYÉ: Ibeyi ni mo fẹ́ kó ṣí i.

KẸ́HÌNDÉ: Kí àgbà jókòó kí ọmọ tó jókòó. Lijadu, kí Ibeyi tẹ̀lé wọn, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lè gbọ́ Yorùbá tó lọ sí Cuba nígbà tí etí wọn ṣì gbóná. Àwọn Dessner lẹ́yìn náà, ká tó dé ọ̀dọ̀ Kim àti Kelley.

TÁYÉ: Tegan àti Sara ńkọ́?

KẸ́HÌNDÉ: Mú orin mìíràn wá nínú àwo wọn, èyí tí mo ti lè gbọ́ méjì, n óò gbà wọ́n wọlé. Kí o sì kọ ọdún àti ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde sábẹ́ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ ibi tí yóò yà sí. Gbé fóònù náà wá ká ṣe é báyìí, Ọjọ́bọ̀ la wà yìí.