Ṣọkọ Ìyá Mi àti Òdòdó Òkè Òtútù

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín. Bí mo bá jẹ̀bi, ẹ má ṣàì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ni ó fi irúgbìn òdòdó kan rán ẹnìkan sí mi. Pọ́pì ni wọ́n ń pe òdòdó náà, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ojú ọ̀run nígbà tí kò sí ìkùukùu. Mo wádìí rẹ̀. Orí àwọn òkè Himalaya ni ilé rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni òdòdó orílẹ̀-èdè Bhutan. Ní ọdún 1924 ni Frank Kingdon-Ward, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó irúgbìn rẹ̀ jọ ní Tibet. Ó gba Skọ́tílándì dáadáa, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, òjò sì ń rọ̀ síbẹ̀.

Ni mo bá ní èmi náà yóò gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Okokomaiko, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Ìbà àti Ọ̀jọ́ lè wá wò ó.

Ebè mẹ́ta péré ni ìyá mi kọ síbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ wà lórí ọ̀kan, ewédú wà lórí èkejì. Ṣọkọ yòkòtò ni ó wà lórí ẹ̀kẹta. Ó ti ga, ewé rẹ̀ ti tín-ín-rín, òdòdó rẹ̀ sì ti gbẹ. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí ìyá mi lọ sí ọjà, mo hú gbogbo rẹ̀, mo wọ́ ọ lọ sí ìdí ọgbà, mo dáná sun ún.

Nígbà tí ìyá mi dé, kò tètè sọ̀rọ̀.

"Ta ni ó hú ṣọkọ mi?"

"Èmi ni, mà. Mo rò pé ó ti gbó ni."

"Ó gbó lóòótọ́. Gbígbó rẹ̀ ni mo ń dúró dè."

Irúgbìn ni ó ń retí. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó ti gbà á nígbà tí ó ń lọ sílé ọkọ. Ọdọọdún ni ó ń gbìn ín, tí ó sì ń gba òmíràn pamọ́ sínú ìgò. Ìyá àgbà ti kú. Ìgò ti ṣófo, nítorí pé èyí tí ó kù nínú rẹ̀ ni ó gbìn sórí ebè yẹn.

Pọ́pì ńkọ́? Irúgbìn rẹ̀ ń fẹ́ òtútù kí ó tó hù. Mo fi iyanrìn tútù pò ó, mo gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Nígbà tí mo gbìn ín, mẹ́rin péré ni ó yọrí. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án kò pé tí gbogbo wọn fi dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì rà. Òru wa pàápàá gbóná jù fún wọn.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo mọ iye ọ̀sẹ̀ tí irúgbìn àjèjì ń lò nínú òtútù, ṣùgbọ́n láti kékeré tí mo ti ń jẹ ṣọkọ, n kò béèrè rí ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti ń wá. Èmi yìí kan náà ni mo ń bá yín jókòó nínú ẹgbẹ́ yìí, tí mo ń pariwo pé kí àṣà wa má kú!

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìyá mi pè mí sí ìdí ọgbà. Níbi tí mo ti wọ́ ṣọkọ kọjá, èyí tí ó gbọ̀n dànù ti hù. Mo kà á: mọ́kànlá. A lọ́ wọn sórí ebè, ẹnikẹ́ni kò sì já ewé kan jẹ níbẹ̀. Nígbà tí orí wọn gbẹ, ìyá mi ra wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, irúgbìn dúdú dídán sì kù. Kò kún ìdajì ìgò. Ó gbé e fún mi, ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Mo ti rò tán. Ẹ dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín ohun tí ó wà nínú ìgò tirẹ̀.