Ìlà Kan tí N Kò Kà

Lónìí, olùkọ́ ni ó fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. N kò jalè, n kò sì pa irọ́. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi, n kò kà á tán. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2016, èmi àti àbúrò mi da owó pọ̀, a ra àlòkù ọkọ̀ Peugeot 504, irú èyí tí a ń fi tápólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. A fi ń kó àgbàdo àti gàrí láti abúlé wá sí ọjà Kétu. Kò pẹ́ tí iwájú ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbàkígbà tí a bá tẹ ìjánu. Àbúrò mi ní kí a fi sílẹ̀. Mo ní rárá, ohun tí ó bá ń ké ní ohun tí ó fẹ́ sọ.

Kí ni ń ké? Lẹ́yìn táyà iwájú, awo irin kan wà tí ó ń bá táyà yí. Bí ẹ bá tẹ ìjánu, òróró ìjánu á gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, á ti irin róbótó kan. Irin náà á ti pílákẹ́ẹ̀tì méjì mọ́ awo náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di àwo mú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń jẹ bàtà, bẹ́ẹ̀ ni awo ń jẹ pílákẹ́ẹ̀tì. Bí ara rẹ̀ kò bá nípọn tó mílímítà 3 mọ́, ó tó pààrọ̀. Bí ó bá tán pátápátá, irin á máa ha irin, ọkọ̀ kò sì ní dúró bí ó ti yẹ.

Mo ra tuntun mẹ́rin: méjì fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, méjì fún ẹsẹ̀ òsì. A kì í pààrọ̀ ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí apá kan. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí náà, ní èdè Faransé. Mo ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi tí mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí mo sì ti wo mẹkáníìkì lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà púpọ̀? Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò.

Mo gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Mo dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí n tó fi kíríkì gbé ọkọ̀ sókè. Mo ki ìtì igi tí ó lágbára sábẹ́ rẹ̀, nítorí kíríkì lè yẹ̀. Mo yọ táyà. Mo fi àkísà tútù nu eruku, n kò fẹnu fẹ́ ẹ, nítorí eruku ìjánu kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Mo yọ àwọn ògbólógbòó. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́lẹ́ bí owó dálà.

Mo rọra ti irin róbótó náà padà sínú ihò rẹ̀, kí àyè lè gba tuntun tí ó nípọn. Mo fi tuntun sí i, n kò jẹ́ kí gírísì kan ojú rẹ̀. Mo dá táyà padà, mo fún nọ́ọ̀tì le. Mo ṣe ẹsẹ̀ kejì bákan náà. Òógùn bò mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ìyá mi jókòó níwájú ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣáná sí ọkọ̀, mo rọra wà á bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo tẹ ìjánu. Ó wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹrẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró. Mo pariwo! Ìyá mi gbá ọmọ mú, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fa ìjánu ọwọ́ tagbáratagbára, òun ni ó di táyà ẹ̀yìn mú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, àpótí tí ìyá mi dìde lórí rẹ̀ ti wà lábẹ́ táyà, ó ti fọ́.

N kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyá mi wà lára àwọn tí mo ń kọ́ ní kíláàsì alẹ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Olùkọ́, ṣé kò sí ìwé nínú páálí yẹn ni?"

Mo yọ ìwé náà lápò. Ìlà ìkẹyìn sọ pé kí ọkọ̀ tó ṣí, kí a tẹ ìjánu léraléra títí yóò fi le. Ìdí rẹ̀ ni pé irin tí mo tì padà ti jìnnà sí pílákẹ́ẹ̀tì. Títẹ̀ ni yóò mú un padà wá sí àyè rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹrin, ó le. Mo wo òróró ìjánu bóyá ó pé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Ó ní kí n kọ ìlà náà sí pátákó ní èdè wa. Mo kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, òun ni ó sì kọ́kọ́ kà á síta.

Ẹ̀yin ará, ìwé oògùn ni o, ìwé ajílẹ̀ ni o, ìwé gbèsè ni o, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ẹ béèrè. Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a jọ kà á:

Kí ọkọ̀ tó ṣí, tẹ ìjánu títí yóò fi le.